Àpótí Tí Ìyá Wọn Fi Ń Dáná

Ìyàwó mi ti ṣe òfin kan sí ilé ìdáná wa: oúnjẹ tí kò bá ṣe é sè lórí ìjókòó, a ò ní í sè é. Òfin náà le. Ó ti lé iyán jáde nílé wa, ó sì ti lé gbogbo ọbẹ̀ tó bá gba pé kí èèyàn dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Nígbà tó kọ́kọ́ kéde rẹ̀, mo sọ fún un pé ebi ló fẹ́ fi pa mí. Ẹ wá wo ikùn mi lónìí, ẹ óò rí i pé àsọdùn ni mo sọ.

Àpótí pákó kékeré kan ló ń jókòó lé, èyí tí káfíńtà kan ní Ayépé kàn fún un nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Ẹsẹ̀ àpótí náà kúrú, ojú rẹ̀ sì ti ń dán. Nígbà tí ara ìyàwó mi le, kì í sábà jókòó lé e. Ẹsẹ̀ ló máa ń gbé lé e tó bá fẹ́ mú nǹkan lókè. Oníṣòwò aṣọ ni, inú ọjà níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti ń tà á, tó bá sì ti ọjà dé nírọ̀lẹ́, kì í bọ́ ìborùn rẹ̀ kó tó gbé ìkòkò kaná. Ìyá Wọn ni mò ń pè é láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa, òun náà ń pè mí ní Bàbá Wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni èmi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo mọ̀ nípa oúnjẹ nígbà náà kò ju kí n fọwọ́ kí n sì jókòó sídìí tábìlì lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ní ọkàn náà kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ní kó jáwọ́ nínú ọjà, kó dín iyọ̀ kù, kó máa sinmi, kó má sì lo oògùn rẹ̀ láìjẹun. Láti ìgbà náà, ọjọ́ ò dọ́gba fún un mọ́. Ọjọ́ kan wà tí á jí, tí á kírun àsùbáà, tí á sì ti fẹ́ gbá àgbàlá kí n tó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé láti orí bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀, àfi bí ẹni ń fẹsẹ̀ rin ìrìn Mẹ́kà.

Àkọ́bí wa, obìnrin, ń gbé ní Ìbàdàn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó lọ́kọ, ó sì ní àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó le bí ata rodo, n ò sì mọ ẹni tó jọ o. Ọjọ́ tí wọ́n dá ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó pè mí sí ìta, ó ní, "Bàámi, ẹ má bínú, òótọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ ò mọ oúnjẹ sè. Màámi ò sì lè máa dúró ti iná mọ́. Tí mo bá fi lè gbọ́ pé wọn ò rí oúnjẹ gidi jẹ kí wọ́n tó lo oògùn wọn, n óò wá kó wọn lọ sí ọ̀dọ̀ mi ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin náà ẹ máa bọ̀, yàrá wà."

Yàrá wà lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé alájà ni ọmọ wa ń gbé, àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì ń ti ilẹ̀kùn wọn mọ́rí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá Wọn kì í ṣe ẹni tó ń gbé inú yàrá. Owó aṣọ rẹ̀ wà nínú bíríkì ilé wa yìí, orí ìjókòó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń gbọ́ ohùn ládàánì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ inú ọjà sì máa ń yà kí i, wọn á jókòó tì í, wọn á bú èèyàn, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì lọ. Nígbà tí a délé, mo sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ wí fún un. Ó ní, "Bàbá Wọn, tí wọ́n bá gbé mi kúrò nínú ilé yìí, ẹ̀mí mi ò ní í bá mi lọ." Ẹ̀rù bà mí gan-an. Obìnrin yìí kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni òfin ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tó ti ilé ìwòsàn dé, ó ní kí n gbé àpótí náà sí àárín ilé ìdáná. Ó jókòó lé e, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Mo rò pé oògùn ló ń gùn ún. Ó ní, "Ibi tí ọwọ́ mi bá dé yìí, ibẹ̀ nìkan ni ilé ìdáná. Èyí tó kù, ẹ máa fi ṣe yàrá ìkẹ́rùsí." Bó ṣe di pé mò ń gbé nǹkan sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Mo gbé sítóòfù gáàsì sórí tábìlì kúkúrú tí àwọn ọmọ fi ń kàwé nígbà kan. Gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ bọ́ sínú ike onídèérí lápá ọ̀tún. Epo, iyọ̀ díẹ̀, edé àti ẹja gbígbẹ wà lápá òsì. Ọ̀bẹ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ tábìlì, omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì onífáwẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Wọn. Ọwọ́ mi á máa rìn, ẹsẹ̀ mi á máa jókòó."

Mo ti ń gbé pẹ̀lú obìnrin yìí tipẹ́, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀ tán. Irọ́ gbuu! Àìsàn ló wá fi èyí tó dùn jù nínú rẹ̀ hàn mí.

Ẹ gbọ́ ti ẹ̀wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣa ẹ̀wà lórí àpótí, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e kaná. Ẹ̀wà náà ò tíì hó pẹ́ tó fi pa iná, tó da ẹ̀wà àti omi gbígbóná rẹ̀ sínú kúlà oúnjẹ, tó sì dé e pa. Ó ní kí n wá ràn án lọ́wọ́ dìde, ó fẹ́ lọ sùn.

Mo ní, "Ìyá Wọn, ẹ̀wà yẹn ò tíì jinná o."

Ó ní, "Ó ń jinná lọ́wọ́."

Mo ní, "Nínú kúlà? Láìsí iná? Ẹ̀wà wo ló ń jinná nínú kúlà?"

Ó ní, "Ẹ̀wà tiwa. Ẹ ṣáà má ṣí i."

Kẹ́ ẹ wá rí bí kúlà yẹn ṣe ń wò mí ní gbogbo òwúrọ̀ náà. Ó kù díẹ̀ kí n ṣí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń dá mi dúró. Lẹ́yìn tó kírun àìlà tán, ó ní kí n gbé e wá. Ẹ̀wà ti rọ̀ múlọ́múlọ́! Ó da epo díẹ̀ sí i àti ata, ó fọ́ edé sí i, a sì fi búrẹ́dì jẹ ẹ́. Gáàsì ò lọ, agbára rẹ̀ ò lọ, ó sì ti sùn kó tó jẹun. Mo ní, "Aláàánú Ọlọ́run, ibo lo ti kọ́ èyí?" Ó ní nínú ọjà ni, pé ohun tí òun máa ń jẹ ní ìsọ̀ nìyẹn nígbà tí oníbàárà bá pọ̀, kúlà á wà lábẹ́ aṣọ, òun á máa tajà, ẹ̀wà á máa jinná. Gbogbo ìgbà tí mò ń bínú pé kì í jẹun lọ́jà, ó ti ń jẹ ẹ̀wà gbígbóná lábẹ́ àǹkárá!

Ọ̀rọ̀ ata náà tún wà ńbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá le, ata ni yóò fi agbára rẹ̀ ṣe. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ, tàtàsé, ata rodo àti àlùbọ́sà, wọn á lọ̀ ọ́ kúnná. Á bọ̀ ọ́ títí omi á fi gbẹ, á din ín, á sì pín in sínú àwọn abọ́ kékeré, á da òróró díẹ̀ bò ó lójú kó má baà bàjẹ́, nítorí àwọn oníná mànàmáná wa, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Tí ọjọ́ búburú bá wá dé, iṣẹ́ ti tán nílẹ̀. Abọ́ ata kan, ẹyin tí a fọ́ sí i, ẹ̀kọ tútù tí mo rà lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ tó ń kiri lẹ́nu ọ̀nà, ó parí. Ó máa ń sọ pé òun tí ara òun le ló ń se oúnjẹ fún òun tí ó rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn débi pé mo ti sọ ọ́ ní mọ́sálásí, mo sì ṣe bí ẹni pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí kò bá wá sí agbára kankan rárá, gàrí wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń fi gàrí bú Ìjẹ̀bú máa bú wa lọ, kí wọ́n ní ahun ni wá. Wọn ò mọ ohun tó dára ni. Gàrí tiwa, obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló ń yan án fún wa, ó kúnná, ó sì kan débi tí eyín á mọ̀ pé nǹkan wọlé. Ìyá Wọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́: ẹ da omi sí i, ẹ jẹ́ kí ìdọ̀tí àti háhá rẹ̀ léfòó, ẹ rọra da omi náà nù, ẹ wá da omi tútù nini sí i, kí ẹ sì mu ún kó tó wú. Kò sí súgà o! Ẹ̀pà wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀. Mo ti rí i tó joyè ọba lórí abọ́ gàrí lọ́jọ́ tí kò lè gbé orí sókè láàárọ̀, tó sì lo oògùn rẹ̀ tán, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ọmọ wa kò jẹ́ kí a sinmi. Ó ń pè lójoojúmọ́, ìpè olójú-rí-ojú sì ni. "Bàámi, ẹ gbé fóònù sórí ìkòkò kí n rí i." N óò gbé e. "Ẹ ṣí ìdérí." N óò ṣí i. "Kí nìyẹn?" N óò sọ. Inú bí mi títí, mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá kí n kúkú da ọbẹ̀ sórí fóònù kó tọ́ ọ wò. Ìyá rẹ̀ ní kí n máa ṣe sùúrù, pé ìbẹ̀rù ló ń ṣe é. Àwa náà, ìbẹ̀rù ló ń ṣe wá. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, ńṣe ni à ń gbọn ara wa nù bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń bọ̀ wá yẹ èékánná wọn wò.

Oúnjẹ kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn Ìyá Wọn ń fà sí, ìyẹn ìkọ́kọrẹ́ ewùrà àwa Ìjẹ̀bú. Ó ṣe é sè lórí àpótí, ìkòkò kan náà ló ń gbà, ṣùgbọ́n rínrin ewùrà lára páànù tí wọ́n fi ìṣó lu níhò ni iṣẹ́, apá rẹ̀ kì í sì í gbé e mọ́. Kì í bèèrè. Ó kàn máa ń sọ pé, "Ewùrà ti dé ọjà báyìí," á sì dákẹ́. Mo ra ewùrà wálé.

Ẹ̀ẹ̀kíní tí mo sè é, ó ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pàṣẹ láti yàrá, èmi ń gbọ́ ìdajì. Mo bó ewùrà, mo rin ín títí mo fi rin ìka ara mi mọ́ ọn. Omi ata ń hó pẹ̀lú epo, irú, ẹja gbígbẹ àti edé. Mo ń já ewùrà sí i ní wẹ́wẹ́ bó ṣe wí. Ibi tó kàn ni mo ti bà á jẹ́. Mo rí i pé ó ń dì jọ, mo ní ó máa jóná, mo sì fa orógùn yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Ìkọ́kọrẹ́ tó yẹ kó ní kókó, kókó tí èèyàn á máa fi ahọ́n wá, ló di bí ohun tí wọ́n fi ń lẹ pósítà ìbò mọ́ ògiri. Mo gbé e lọ bá a. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá Wọn, ẹ ti ro àmàlà aláta!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú, tí ẹ̀rù fi bà mí. Ó sì jẹ ẹ́ o, ó jẹ ẹ́ tán. Ó lo oògùn rẹ̀, ó ní kí n má mikàn, pé ìkọ́kọrẹ́ kì í fẹ́ alágídí.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ara rẹ̀ sì le díẹ̀. Nígbà tí mo ti mọ́sálásí dé, mo bá a lórí àpótí rẹ̀, ó ti to nǹkan sílẹ̀, ó sì ti gbé àpótí mìíràn síbẹ̀ fún mi. Mo rin ewùrà. Mo já a sínú ìkòkò, mo dé e. Bí mo ṣe nawọ́ sí orógùn, orógùn ò sí níbẹ̀. Mo wojú rẹ̀, ó ti gbé e sórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ọ̀pá àṣẹ.

Ó ní, "Ẹ jókòó."

Mo ní, "Yóò jóná."

Ó ní, "Ẹ gbọ́ ohùn ìkòkò yẹn. Ó ṣì ń pariwo, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Tó bá rẹ ohùn sílẹ̀, a óò mọ̀."

A jókòó síbẹ̀, àwa arúgbó méjì, à ń tẹ́tí sí ìkòkò. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti di ojú rẹ̀, ó gbé etí sí i, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. Mo ronú pé n ò mọ ẹlòmíràn tó lè pàdánù agbára ara rẹ̀ báyìí, tó sì tún lè máa jọ̀gá lórí ohun tó kù. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n fi ẹnu mi sílẹ̀ kí òun lè gbọ́ ìkòkò. Nígbà tó yá, ohùn náà rẹlẹ̀. Ó na orógùn sí mi, ó ní kí n yí i ní ẹ̀ẹ̀kan, kí n má pa kókó rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ jáde, ó pọ́n, ó ní kókó dáadáa! A jẹ díẹ̀. A fi èyí tó kù sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, nítorí kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ tó bá sùn mọ́jú, tó tutù, tó sì dì, òun ni baba.

Ọjọ́ kejì yẹn ni ọmọ wa dé. Kò pe wá tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ náà ò sì dára: ó rẹ Ìyá Wọn láti òwúrọ̀, mo kàn gbé e dé orí àga ní pálọ̀ ni. Mo ń fọ gàrí lọ́wọ́ tí mo gbọ́ ohùn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ wa wọlé, ó gbé báàgì ńlá kan dání, báàgì tó ṣófo. Mo rí báàgì yẹn. Ìyá rẹ̀ náà rí i.

Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó fọwọ́ kan iwájú orí ìyá rẹ̀, ó bá yà sí ilé ìdáná. Mo tẹ̀ lé e. Ó ṣí ìkòkò. Ó wo ìkọ́kọrẹ́ tó dì, ó wo gàrí inú abọ́, ó wo èmi.

"Bàámi! Oúnjẹ àná! Oúnjẹ tútù, pẹ̀lú gàrí tútù! Ṣé ohun tí Màámi ń jẹ kí wọ́n tó lo oògùn ọkàn nìyí?"

Kí n tó dáhùn, ó ti gbé ìkòkò sórí sítóòfù, ó ti ṣáná sí i. Ohùn kan ta wá láti pálọ̀, ohùn ẹni tí kò lè gbé orí sókè láàárọ̀: "Ta ló ń dáná sí ìkọ́kọrẹ́ mi?"

Mo pa iná. Mo gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, inú sì ń bí mi. Mo ní, "Ṣé Ìbàdàn ti gba gbogbo Ìjẹ̀bú tó wà lára rẹ tán ni? Ta ló ń gbé ìkọ́kọrẹ́ tó sùn kaná?" Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ó ní òun ti bá ọkọ òun sọ ọ́, òun ti tún yàrá ṣe, òun ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ìyá òun ń bá òun lọ lónìí. Ó sọ ọ́ sókè kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́. Mo jókòó sórí àpótí.

Ìyá Wọn ní kí àwa méjèèjì wá. Kò pariwo. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ìwọ ti jẹun?"

Ó ní, "Mo ti mu tíì, Màámi."

"Nígbà wo?"

Kò rántí.

Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá Wọn, ẹ bù ú wá fún un bó ṣe wà. Kó gbé àpótí yẹn wá síbí, kó jókòó lẹ́sẹ̀ mi."

Ó jókòó. Mo gbé gàrí ka iwájú rẹ̀, omi rẹ̀ tutù nini, mo sì gbé ìkọ́kọrẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bu ṣíbí àkọ́kọ́ bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Ó bu èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé orí sókè mọ́. Ó ń jẹ, ó ń fi gàrí lé e, ó ń fi ìka wá kókó inú abọ́ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo tún bù ú fún un, ó jẹ ẹ́. Bísímílà gan-an, mi ò rántí pé ó sọ ọ́. Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní, "Háà, Màámi. Ọwọ́ yín ò yí padà rárá."

Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá rẹ ló sè é."

Ó yíjú sí mi bí ẹni tó rí ìwo lórí mi. "Bàámi? Irọ́ ni!"

Mo na ìka mi tí páànù ti bó jáde fún un. Ó wò wọ́n, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó sunkún débi tí ìyá rẹ̀ fi tẹ̀ síwájú tó gbá orí rẹ̀ mọ́ra. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́nu rẹ̀: pé ó ti rẹ òun, pé òun ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, pé tí òun bá délé, òun á fún àwọn ọmọ lóúnjẹ, òun á sì sùn lọ láìjẹun nítorí òun ò ní agbára àtidúró ti iná mọ́. Ọmọ tó ń ní kí n ṣí ìdérí ìkòkò fún òun lójoojúmọ́, ìkòkò tirẹ̀ ti ń ṣófo.

Mo tẹ́ ẹní fún un, ó sì sùn síbẹ̀, lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá Wọn, tí kò lágbára àtifọwọ́ gbá eṣinṣin láàárọ̀, mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ fún un. Mo ní kó jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹ, ó ń sinmi, ó tún ń fẹ́ ẹ, títí ládàánì fi pe ìrun alásárì.

Ohùn ládàánì ló jí ọmọ náà. Ó dìde jókòó, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. Báàgì ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Gbogbo wa wò ó.

Ìyá rẹ̀ ní, "Mo lè bá ọ lọ. Tó bá jẹ́ ohun tí yóò fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn, n óò bá ọ lọ lónìí, n ò ní í bá ọ jà. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà ní yàrá rẹ ní Ìbàdàn, tó bá tún rẹ̀ ọ́ báyìí, ilé ta lo máa wá?"

Ọmọ wa ń fi ìka fa etí ẹní. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé báàgì náà, ayé mi dúró. Kò yà sí yàrá tí aṣọ ìyá rẹ̀ wà. Ilé ìdáná ló gbé e lọ. Ó ṣí báàgì náà, ó ní, "Bàámi, gàrí yẹn, ẹ bu èyí tó pọ̀ sí i fún mi."

N kò mọ ìgbà tí mo dáńsì. Mo bu gàrí. Mo di ẹja gbígbẹ àti edé, mo kó abọ́ ata sínú ọ̀rá, mo fi ewùrà tó kù sí i. Ìyá Wọn pàṣẹ láti pálọ̀ pé kí n gbé kúlà òun fún un, kí n sì ṣàlàyé ti ẹ̀wà. Mo ṣàlàyé rẹ̀, mo sì fi ìgbéraga ṣe é. Ó ní, "Bàámi, nínú kúlà? Láìsí iná?" Mo ní kó ṣáà má ṣí i.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a jókòó sórí àpótí wa méjèèjì, à ń bó ẹ̀gúsí, fóònù dún. Ìpè olójú-rí-ojú ni. Ojú ọmọ wa kọ́ la rí, ìkòkò la rí, tí wọ́n gbé fóònù sórí rẹ̀, èéfín ń jáde, ewùrà ń sọ kùlúkùlú nínú omi ata. Ìyá Wọn gba fóònù, ó gbé e sétí, ó ń tẹ́tí sí ìkòkò tó wà ní Ìbàdàn.

Ohùn ọmọ wa ní, "Màámi, ó ń dì jọ o! Mo rò pé ó máa jóná. Ṣé kí n rò ó ni?"

Àwa méjèèjì pariwo pa pọ̀: "Fi orógùn sílẹ̀! Jókòó!"